Ìtàn bésíbọ́ọ̀lù fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́: Roberts, Robinson tàbí Buckner, ta ló yẹ kó ṣáájú?

Olùkọ́ Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkẹ́rẹ́ máa fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Orúkọ kò wọ́n wa: Josh Gibson, Jackie Robinson, Don Larsen, Hank Aaron, Bill Buckner, Dave Roberts. Ọdún wọn wà lọ́wọ́, iye tí wọ́n gbá wà lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni pé ọmọ tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló mọ̀, bí a bá sọ fún un pé "ó jí béèsì kejì", á ní, "Ó wá jí i tán, ṣé góòlù wọlé ni?"

Ẹ bá mi là á. Dave Roberts kò gbá bọ́ọ̀lù, kò sì jù ú. Ó kàn sáré láti béèsì kìíní dé ìkejì lálẹ́ ọjọ́ kan ní 2004. Kí ló dé tí wọn ò dákẹ́ lórí rẹ̀ títí dòní? Ṣé òótọ́ ni pé Buckner ló sọ ife 1986 nù mọ́ Boston lọ́wọ́? Èwo nínú àwọn ìtàn yìí la lè fi han àwọn ọmọ lórí pápá, kó má jẹ́ ojú pátákó nìkan ni wọ́n ti máa rí i? A ní pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, téèpù oní-mítà 30, okùn ọ̀rá, bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì àti fóònù méjì. Ta ló sì yẹ ká fi ṣáájú?

Àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún wọn rèé, kí ohùn wa lè ṣọ̀kan. Ajubọ́ọ̀lù ló ń ju bọ́ọ̀lù sí onígi, ẹni tó di igi mú láti gbá a. Ahánbọ́ọ̀lù ló lóṣòó sẹ́yìn onígi, tó ń fi ìbọ̀wọ́ hán an. Ibi tí onígi dúró sí là ń pè ní ilé. Ẹni tó bá yí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká tó padà dé ilé ti gba ayò kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú kúrò nínú eré kó tó dé béèsì ti di áòtù. Bí áòtù bá pé mẹ́ta, àyè ẹgbẹ́ yẹn tán, èkejì á bọ́ síbẹ̀. Abala mẹ́sàn-án ni ìdíje kan. Bó bá jẹ́ ọ̀mì, wọ́n á máa fi abala kún un.

Ọmọ Adó

Olùkọ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ti Roberts ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣeé wọ̀n. Ìtàn tí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n kì í kúrò lórí rẹ̀.

Ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá, 2004 ni, ní pápá Fenway nílùú Boston. New York Yankees ti na Boston Red Sox lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ìkẹta ọ̀hún sì jẹ́ 19 sí 8. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń lọ sí World Series, ìdíje àṣekágbá ọdún tí wọ́n ti ń gba ife. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì ńlá, líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, tó bọ́ sínú kòtò mẹ́ta sí òdo tó sì gòkè. Yankees ló ń ṣáájú, 4 sí 3, abala kẹsàn-án ti dé, Mariano Rivera, ọmọ Panama, ló sì ń ju bọ́ọ̀lù. Kò sí ajubọ́ọ̀lù tó mọ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn ìparí ìdíje tó o: nígbà tó máa fi fẹ̀yìn tì, ìdíje 652 ló ti tì pa fún Yankees.

Rivera ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí kò bọ́ sójú ọ̀nà sí Kevin Millar. Òfin ní kí Millar máa rìn lọ sí béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Millar kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ eré, ni Terry Francona tó ń darí Boston bá yọ ọ́, ó fi Roberts rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà ní pápá ló mọ̀ pé torí àtisáré ló ṣe wọlé.

Ibi tí ìṣirò wà nìyí o. Láti béèsì sí béèsì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 90, ìyẹn mítà 27.43. Jíjí béèsì ni kí sárésáré lọ sí béèsì tó kàn láìdúró de kí onígi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó fẹ́ jí béèsì kì í dúró lórí èyí tó wà, ó ti máa ń yọ́ síwájú tó mítà mẹ́ta àbọ̀, nítorí náà nǹkan bíi mítà 24 ló kù fún un. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ti gbé ẹsẹ̀ sókè ni yóò tú eré ká. Láti ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù líìgì ńlá bá mira títí bọ́ọ̀lù yóò fi bọ́ sínú ìbọ̀wọ́ ahánbọ́ọ̀lù máa ń tó ìṣẹ́jú-àáyá 1.3. Ahánbọ́ọ̀lù á dìde, á ju bọ́ọ̀lù náà gba mítà 38.8 dé béèsì kejì. Ìyẹn náà tó 1.9 sí 2.0. Ẹ ro ó pọ̀: bíi 3.2 tàbí 3.3. Ẹni tó ń hán an níbẹ̀ á tún fi bọ́ọ̀lù kan ara sárésáré kó tó di áòtù. Sárésáré gidi náà á sì lo bíi 3.3. Iye méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mẹ́wàá, ìdá kan nínú rẹ̀ ló ń ya ẹni tó yè kúrò lára ẹni tó kú.

Rivera ju bọ́ọ̀lù sí béèsì kìíní lẹ́ẹ̀mẹta kí Roberts má bàa yọ́ jìnnà. Lẹ́ẹ̀mẹta náà ni Roberts padà débẹ̀ láyọ̀. Bí Rivera ṣe wá ju àkọ́kọ́ sí Bill Mueller, onígi Boston tó kàn, báyìí, Roberts ti ṣí lọ. Jorge Posada, ahánbọ́ọ̀lù Yankees, hán bọ́ọ̀lù, ó jù ú dáadáa, Derek Jeter gbà á ní béèsì kejì, ó sì gbé ọwọ́ sọ̀kalẹ̀ lójijì. Roberts ti da àyà délẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti kan béèsì. Rẹfirí ní ó yè.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ yẹn ló kàn. Mueller gbá bọ́ọ̀lù tó gba àárín pápá lọ, bọ́ọ̀lù lásán tó máa ń mú onígi dé béèsì kìíní péré. Láti béèsì kejì, bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ tó fún Roberts láti dé ilé: 4 sí 4. Ká ní orí béèsì kìíní ló ṣì wà, bọ́ọ̀lù kan náà kò ní gbé e kọjá béèsì kejì tàbí ìkẹta. Ẹ fi ayò ọlọ́pọ́n ṣàlàyé fún wọn. Ọmọ ayò tí a sún kò tíì jẹ nǹkan kan, àmọ́ òun ló la ọ̀nà fún jíjẹ tó ń bọ̀. Ní abala kejìlá, David Ortiz gbá home run, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó máa ń fò jáde kúrò ní pápá tí onígi á fi yí gbogbo béèsì ká dé ilé, Boston borí 6 sí 4. Wọ́n tún borí lẹ́ẹ̀mẹta sí i, wọ́n yọ Yankees, wọ́n sì na St. Louis Cardinals ní mẹ́rin sí òdo. Ife tí Boston gbà kẹ́yìn ṣáájú ìyẹn, 1918 ni. Ọdún 86.

Ohun kan tó yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ ni pé òfin ti yí padà. Láti 2023, bí ajubọ́ọ̀lù bá ti ju ẹ̀ẹ̀mejì sí sárésáré lásìkò onígi kan, tó bá ju ìkẹta tí kò sì mú un, sárésáré gba béèsì tó kàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ká ní òfin yìí wà ní 2004, ìju kẹta Rivera nìkan ìbá gbé Roberts dé béèsì kejì láìsáré. Wọ́n tún fẹ béèsì lójú láti íǹṣì 15 sí 18, tó fi jẹ́ pé ọ̀nà àárín ìkíní sí ìkejì dín ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11. Kò pẹ́ tí jíjí béèsì fi pọ̀ sí i. Ronald Acuña Jr. jí 73 lọ́dún náà gan-an. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ Rickey Henderson ṣì wà nílẹ̀: 130 ní 1982, 1,406 ní gbogbo ayé eré rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ 130 yẹn, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n mú un lẹ́ẹ̀mejìlélógójì lọ́dún kan náà. Olè béèsì tí wọn kò mú rí ni ẹni tí kì í sáré.

Pápá ìṣeré Adó tó ń jẹ́ Olúyẹmí Káyọ̀dé, orúkọ sárésáré ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú 4x100 ní Barcelona ní 1992. Àwọn ọmọ Ekiti kò ní ṣàìmọ ohun tí ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lè dá sílẹ̀.

Àdùkẹ́ Ọ̀yẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Adó, àlàyé yín yéni yékéyéké. Àmọ́ mi ò gbà pé Roberts ló yẹ kó ṣáájú. Jackie Robinson ni. Kí ẹ sì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn nípa àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta.

Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn olówó ẹgbẹ́ ti jọ fohùn ṣọ̀kan pé aláwọ̀ dúdú kò ní gbá bésíbọ́ọ̀lù nínú líìgì wọn. Ní 1920, ní Kansas City, Rube Foster kó àwọn olórí ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú jọ, wọ́n dá Negro National League sílẹ̀. Níbẹ̀ ni Satchel Paige ti ju bọ́ọ̀lù, níbẹ̀ ni Josh Gibson ti di igi mú. Nígbà tí líìgì ńlá gba àkọsílẹ̀ àwọn líìgì aláwọ̀ dúdú wọlé ní oṣù kàrún, 2024, Gibson ló bọ́ sókè pátápátá pẹ̀lú 0.372, ó kọjá Ty Cobb tó jókòó síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ pẹ̀lú 0.367. Bí ẹ ṣe máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ni pé nínú ẹgbẹ̀rún ìgbà tí Gibson fi igi dá bọ́ọ̀lù lóhùn, ìgbà 372 ló fi gbígbá dé béèsì. Ẹni tó bá ń rí 300 gan-an ti dọ̀gá. Oṣù kìíní, 1947 ni Gibson kú, ọmọ ọdún 35. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn líìgì ńlá ṣí fún aláwọ̀ dúdú, Robinson ló sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, 1947, ní Ebbets Field ní Brooklyn, Robinson jáde fún Dodgers, béèsì kìíní ló ń ṣọ́. Bọ́ọ̀lù tó gbá lọ́jọ́ náà kò gbé e dé béèsì kankan. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́: ó fi igi kan bọ́ọ̀lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó lè rọra yí nílẹ̀, eré rẹ̀ kó ìpayà bá àwọn tó ń ṣọ́ pápá, wọ́n ju bọ́ọ̀lù ṣìnà, òun náà sì yí i ká dé ilé. Dodgers 5, Boston Braves 3. Lọ́dún náà ó jí béèsì 29, iye tó pọ̀ jù nínú National League, ọ̀kan nínú apá méjì líìgì ńlá, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní oyè agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù. Ní ọjọ́ 5, oṣù keje ọdún kan náà, Larry Doby, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, wọlé fún Cleveland nínú American League, apá kejì. Ìtàn sábà máa ń fò ó, ẹ má fò ó.

Bó bá jẹ́ olè béèsì lẹ ń wá, Robinson jí ilé. Jíjí ilé yàtọ̀ sí jíjí béèsì kejì, torí bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù ń jù, ọ̀nà ilé gan-an ló ń lọ. Ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, 1955, ìdíje kìíní World Series, abala kẹjọ, Whitey Ford ló ń jù fún Yankees. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ford. Ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì tó bá ti dúró gbọn-in láti jù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń wà sí béèsì kẹta, kò lè rí ẹni tó ń yọ́ lọ níbẹ̀ àfi tó bá yíjú. Sárésáré á ka ìmira rẹ̀ ní ìgbà méjì mẹ́ta, á mọ ìgbà tí kò lè dá ìju dúró mọ́, á wá ṣí. Bó bá tètè ṣí jù, ajubọ́ọ̀lù á rí àyè ju bọ́ọ̀lù sísàlẹ̀ síbi tó rọrùn fún ahánbọ́ọ̀lù láti fi kàn án. Bó bá pẹ́, ó kú náà nìyẹn. Onígi pàápàá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀, kó má bàa fi igi gbá orí rẹ̀. Robinson ti pé ọdún 36 nígbà náà. Ó da ẹsẹ̀ síwájú, ó yọ́ wọlé, rẹfirí ní ó yè, Yogi Berra tó jẹ́ ahánbọ́ọ̀lù fò sókè, ó ń jiyàn, kò sì yé jiyàn ọ̀rọ̀ náà títí ó fi darúgbó. Yankees ló borí lọ́jọ́ náà, 6 sí 5. Brooklyn ló gba ife náà níkẹyìn, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n gbà kí wọ́n tó kó lọ sí Los Angeles.

Ohun tó so tèmi mọ́ ti Ẹ̀gbọ́n rèé. Ní 1997, líìgì ńlá ní kí ẹnikẹ́ni má gba nọ́ńbà 42 Robinson mọ́, àfi àwọn tó ti ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn lára wọn ni Mariano Rivera. Nítorí náà lálẹ́ tí Roberts jí béèsì, 42 ló wà lẹ́yìn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù.

Bí àyè bá ṣẹ́ kù, ẹ fi Hank Aaron kún un. Ọjọ́ 8, oṣù kẹrin, 1974 ló gbá home run ìkẹẹ̀ẹ́dógúnlélẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, 715, tó fi kọjá 714 Babe Ruth, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi lẹ́tà ìhàlẹ̀ ikú kún ilé rẹ̀ torí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó fi 755 fẹ̀yìn tì. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yọ 755 kúrò nínú 3,771, gbogbo ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù tó fi dé béèsì. 3,016 ló kù. Ká yọ gbogbo home run rẹ̀ sọnù, ó ṣì kọjá ẹgbẹ̀ẹ́dógún, iye tí à ń fi mọ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ onígi. Bí wọ́n bá sì béèrè bóyá ọmọ Áfíríkà ti débẹ̀ rí, ẹ dárúkọ Gift Ngoepe láti South Africa. Ọjọ́ 26, oṣù kẹrin, 2017 ló wọlé fún Pittsburgh, ẹni àkọ́kọ́ tí a bí tó sì dàgbà ní Áfíríkà tó gbá nínú líìgì ńlá. Ìgbà àkọ́kọ́ tó di igi mú, ó gbá bọ́ọ̀lù Jon Lester dé béèsì.

Bàbá Ìlawẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ti Buckner ni mo fẹ́ sọ, torí ó ń dunni bí wọ́n ṣe ń kó ẹ̀bi gbogbo ilé lé orí ẹnì kan.

Ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, 1986, pápá Shea ní New York, ìdíje kẹfà World Series láàárín Boston àti New York Mets. Boston ti borí mẹ́ta, Mets méjì. Abala kẹwàá, Boston ń ṣáájú 5 sí 3, Mets ti ní áòtù méjì, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan lórí béèsì. Áòtù kan ló kù kí Boston gbé ife. Gary Carter gbá, ó dé béèsì. Kevin Mitchell gbá, òun náà dé béèsì. Ray Knight gbá, Carter wọlé: 5 sí 4. Wọ́n yọ Calvin Schiraldi, wọ́n gbé Bob Stanley wọlé láti máa jù. Stanley ju ọ̀kan tó yà bàrá, ahánbọ́ọ̀lù kò rí i hán, Mitchell sáré wọlé: 5 sí 5.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ọ̀mì ti dé, Buckner kò sì tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Mookie Wilson gbá bọ́ọ̀lù tó ń yí nílẹ̀ lọ sí ọ̀nà béèsì kìíní, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ Buckner kọjá, Knight sì wọlé: 6 sí 5. Ká ní Buckner mú un tó sì di áòtù, abala kọkànlá ni wọn ìbá lọ, kì í ṣe ibi ìgbafe. Lẹ́yìn èyí, ìdíje keje ṣì wà. Boston kọ́kọ́ ṣáájú 3 sí òdo níbẹ̀, Mets ló sì borí 8 sí 5. Ta ló wá pàdánù ife? Ẹ̀bi John McNamara tó ń darí wọn náà wà níbẹ̀: ọrùn ẹsẹ̀ Buckner kò dá mọ́, ó sì ti máa ń fi Dave Stapleton rọ́pò rẹ̀ bí Boston bá ń ṣáájú tí ìdíje ń parí lọ. Lálẹ́ yẹn kò ṣe é.

Àṣìṣe náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́, ẹ sì lè fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì hàn wọ́n. Bọ́ọ̀lù tó ń yí bọ̀ nílẹ̀, ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kó wá máa gòkè tẹ̀lé e. Ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lè gòkè bá bọ́ọ̀lù tó bá ta. Ọwọ́ tó wà lókè kì í tètè sọ̀kalẹ̀ bá èyí tó kọ̀ tí kò ta. Bọ́ọ̀lù Wilson kọ̀, kò ta bí ojú ṣe ń retí, ìbọ̀wọ́ Buckner sì wà lókè rẹ̀ díẹ̀. Kò tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Orókún kò ní ṣeé tẹ̀ dáadáa fún ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹ yí bọ́ọ̀lù sí ọmọ mẹ́wàá lórí ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́, ẹ ka iye tó máa gba abẹ́ wọn.

Ìgbà 2,715 ni Buckner gbá bọ́ọ̀lù tó fi dé béèsì ní ayé eré rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, 2008, wọ́n pè é wá ju bọ́ọ̀lù ìṣíde ní Fenway, gbogbo èrò sì dìde fún un.

Ti Don Larsen kò gùn. Ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, 1956, World Series, onígi Brooklyn 27 ló dojú kọ ọ́, kò sí ẹnì kan tó dé béèsì. Bọ́ọ̀lù 97 ló jù. Kò tíì sí ẹlòmíì tó ṣe irú rẹ̀ ní World Series. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ bó ṣe ṣòro, ẹ sọ ti Armando Galarraga ti Detroit fún wọn. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, 2010, ó mú onígi 26 léraléra, ó mú ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n náà, rẹfirí Jim Joyce sì ní ó yè. Fídíò fi hàn pé áòtù ni. Joyce wo fídíò tán, ó sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé òun ṣìnà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Àkọsílẹ̀ kò yí padà. Láti 2014 ni wọ́n ti ń gba àyẹ̀wò fídíò fún irú ìpinnu bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Baba, ọ̀rọ̀ Buckner ti yé mi, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe tò ó fún wọn. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ borí: Gibson àti Robinson ló máa wà lọ́jọ́ kìíní, nínú kíláàsì. Ti Roberts á di ọjọ́ kejì, lórí pápá. Ó ku ìwọ̀n. Ọmọ ọdún 12 sí 14 ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n, téèpù wa kò dé mítà 38.8 tí ẹ sọ yẹn, ilẹ̀ wa sì pupa, òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ Adó

Olùkọ́, ẹ má lo ìwọ̀n àgbà fún wọn rárá. Ìwọ̀n àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 láàárín béèsì, mítà 18.29. Láti ilé dé béèsì kejì ní tààrà, mítà 25.86, téèpù yín sì tó o. Ajubọ́ọ̀lù á dúró sórí ìlà kan náà, ní mítà 14 sí ilé.

Ẹ kan èèkàn sí ilé. Ẹ na téèpù dé 25.86, ẹ kan èèkàn béèsì kejì. Ẹ wá mú okùn méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 18.29, ẹ so ọ̀kan mọ́ èèkàn ilé, èkejì mọ́ ti béèsì kejì, kí ẹ fa orí méjèèjì sápá ọ̀tún títí wọ́n á fi pàdé tí wọ́n á sì le tan-in. Ibẹ̀ ni béèsì kìíní. Ẹ yí wọn sápá òsì, ibẹ̀ ni ìkẹta. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á gún láìlo ohun èlò mìíràn. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni okùn ọ̀rá, torí ó máa ń fà. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ọmọ kan bá ń fà á le, ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tó dẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀nà á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, olè yín kò sì ní yè láé.

Ẹ má fi àpò iyanrìn ṣe béèsì, ó ń yí ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹ fi ẹfun tàbí eérú fa ìlà rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ẹ gé rọ́bà pẹlẹbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da àyà délẹ̀ bíi Roberts lórí ilẹ̀ yẹn, òkúta á bó wọn láwọ. Kí wọ́n sáré kọjá lórí béèsì náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú eré gidi, ẹni tó bá sáré kọjá béèsì kejì, wọ́n lè mú un. Bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, ẹ sún un di ọ̀sán.

Kí sárésáré yọ́ síwájú ní mítà méjì, kó máa wo ẹsẹ̀ ajubọ́ọ̀lù, kó má wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ gbé fóònù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó ya fídíò gbogbo rẹ̀. Ìka ọmọ tó ń tẹ aago lè ṣàṣìṣe tó ìdá méjì nínú mẹ́wàá, ìyẹn sì ju ohun tó wà láàárín Roberts àti Jeter lọ. Fídíò tó ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ ka àwòrán láti ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù mira títí dé ìgbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ahánbọ́ọ̀lù, kí ẹ pín in sí 30. Ẹ ka èkejì láti ibẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó wà ní béèsì kejì. Ẹ ka ti sárésáré náà lọ́tọ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí àsìkò máa ń ṣòfò sí ni ahánbọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ dìde dúró tán kó tó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ kọ́ ọ kó máa ṣe méjèèjì pọ̀: bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kan ọwọ́ ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ń yí, tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ya fídíò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ kọ iye ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì sára pátákó, kí ẹ sì kọ 1.9 sí 2.0 tàwọn ahánbọ́ọ̀lù líìgì ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú mítà 38.8 tí tiwọn ń rìn àti 25.86 tí tàwọn ọmọ yín rìn.